Ògiri Tí Alágbàfọ̀ Mọ

Mo-ti-sọ kọ́ lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn aládùúgbò ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí pé tí obìnrin náà bá ti lanu sọ ohun tó fẹ́ ṣe, tó wá fi "Mo ti sọ" tì í lẹ́yìn, kí ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn yáa kọ́kọ́ lọ jẹun yó, torí ọ̀rọ̀ náà máa pẹ́ kó tó tán. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ aránbàtà, ti mọ ọgbọ́n tó fi ń bá a gbé. Bí ìyàwó bá ti dé ibi "Mo ti sọ," ṣe ni bàbá náà máa ń da ìṣó sẹ́nu, á sì máa kan bàtà rẹ̀ lọ. Ẹni tí ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀ kò lè fèsì, kò sì lè jẹ̀bi.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni Mo-ti-sọ ń ṣe. Yàrá kan ni òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn háyà lẹ́yìn ilé onílé, àgbàlá ẹ̀yìn yàrá náà sì ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìkòkò ńlá tó fi ń se aṣọ funfun wà, pẹ̀lú ọpọ́n ọṣẹ, ọpọ́n omi tútù àti ọpọ́n sítáàṣì. Ibẹ̀ náà ni àwọn òpó gígùn tó ta okùn ìsáṣọ sí wà, láti ìkángun àgbàlá dé ìkángun kejì, òpó igi líle tó ti ń bá a bọ̀ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọṣẹ ti bó o lọ́wọ́, iná ti jó o lápá, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì tó bá ti gba abẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kọjá, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í fẹ́ jókòó mọ́.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ìyá rẹ̀. Màmá ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Mo-ti-sọ ọkùnrin, tó ń ta pákó, ló sì ń gbé. Onípákó kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó ń bọ́ ìyá rẹ̀ yó, ó ń dá aṣọ fún un. Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ò ju ṣọ́ọ̀bù iwájú àti yàrá ẹ̀yìn lọ, àárín méjèèjì, níbi tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá, ni wọ́n tẹ́ ẹní Màmá sí. Ẹni tó bá fẹ́ wo pákó, ibẹ̀ ló máa gbà. Bí Màmá bá ń sùn, wọ́n á dá ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á ní "Ẹ má bínú o, Ìyá," wọ́n á sì máa kọjá lọ náà ni.

Lọ́jọ́ kan tí Mo-ti-sọ lọ kí i, ó bá ìyá rẹ̀ tó fi aṣọ bo gbogbo ara títí dé orí, ní ọ̀sán gangan. Ó kúnlẹ̀ tì í.

"Màmá, ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi le," ni Màmá dáhùn lábẹ́ aṣọ. "Mo kàn fẹ́ dá wà díẹ̀ ni. Abẹ́ aṣọ yìí nìkan ni wọn kì í gbà kọjá."

Mo-ti-sọ padà sílé. Ìbínú ń ṣe é, ìtìjú sì ń ṣe é, torí ìyá tó bí wọn, tó tọ́ wọn, kò ní ibì kan láyé tí wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé bá a. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn, Màmá máa ní yàrá tirẹ̀. Yàrá tó nílẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kan ilẹ̀kùn, á dúró, á dìgbà tí Màmá bá dá a lóhùn. Mo ti sọ."

Aránbàtà na ọwọ́ sí agolo ìṣó.

Ilẹ̀ wà. Ilẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ti rà lẹ́yìn àgbàlá tí wọ́n háyà yẹn gan-an ni, ọgbà tí wọ́n fi igi ṣe ló pààlà láàárín ilẹ̀ náà àti àgbàlá. Ohun tí kò sí ni ohun tí wọ́n máa fi kọ́ ọ. Ogun kan ń jà nígbà náà ní ibi jíjìn tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wọn ò dé rí. Wọn ò gbọ́ ìró ìbọn kan, ṣùgbọ́n ogun náà ti dá ọkọ̀ ojú omi dúró, bí ọkọ̀ sì ṣe dúró ni sìmẹ́ǹtì pòórá lọ́jà. Páànù tẹ̀ lé e. Ìṣó di ohun tí àwọn èèyàn ń yọ lára àpótí àtijọ́, tí wọ́n ń nà tọ́. Bíríkìlà àdúgbò dojú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù rẹ̀ délẹ̀, ó fi ṣe àga, orí rẹ̀ ni Mo-ti-sọ bá a.

"Ẹ jẹ́ kí ogun parí ná, ìyá," ni bíríkìlà wí. "Kò sẹ́ni tó ń kọ́lé lásìkò yìí."

"Ìgbà wo ló máa parí?"

"Háà, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi."

"Ìyá mi náà ò sì lè jókòó máa dúró de ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín," ni Mo-ti-sọ fi dá a lóhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ná, ṣé sìmẹ́ǹtì ni Ẹlẹ́dàá fi dá ayé ni? Kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì lérí, ṣé orí igi làwọn èèyàn ń sùn? Ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń po amọ̀, tí wọ́n ń mọ ọ́n ní ìpele ìpele. Ibòmíràn, wọ́n á rọ yẹ̀pẹ̀ sáàárín pákó méjì, wọ́n á máa fi igi gún un títí á fi le gbagidi. Àwọn mìíràn á gé amọ̀ ní gígùn ní gígùn, wọ́n á sá a sóòrùn. Ẹni tí igi wẹ́wẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ á hun ògiri bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, á wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ tinú tòde. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì dé, ó sọ gbogbo ìyẹn di ohun ìtìjú, débi pé tí wọ́n bá fẹ́ bú èèyàn ládùúgbò wọn, wọ́n á ní "ọmọ ilé alámọ̀." Ẹnu tí wọ́n sì fi ń bú u, inú ilé alámọ̀ ni wọ́n ti fi mu ọmú.

Bàbá arúgbó kan wà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù kan. Ọ̀mọ̀lé ni nígbà tí amọ̀ ṣì ń jẹ́ amọ̀. Fẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tó ń ṣe tí kì í fẹ̀sọ̀ ṣe: á fẹ̀sọ̀ dìde, á fẹ̀sọ̀ jókòó, bó bá sì fẹ́ sín, á kọ́kọ́ rò ó dáadáa. Mo-ti-sọ lọ bá a.

"Amọ̀?" ni Fẹ̀sọ̀ wí. "Ọmọ mi, ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n máa bú ẹ ni?"

"Ẹnu wọn ni, Bàbá. Ilé ni mo fẹ́."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹni tó ń sáré àti ẹni tó ń fẹ̀sọ̀ ṣe jọ bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́ nìyẹn. Yàrá méjì ni wọ́n fi okùn wọ̀n sílẹ̀, ọ̀kan fún Mo-ti-sọ àti ẹbí rẹ̀, ọ̀kan fún Màmá. Ibi tí wọ́n máa gbẹ́ amọ̀ sí ló kọ́kọ́ fa àríyànjiyàn. Fẹ̀sọ̀ nàka sí ìkángun ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo-ti-sọ wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí, ó ní kí wọ́n tó fi agbọ̀n ru amọ̀ láti ibẹ̀ dé ìdí ògiri, irun orí àwọn ọmọ òun á ti funfun. Ó fẹsẹ̀ tẹ ibì kan mọ́lẹ̀ nítòsí ibi tí ògiri yàrá Màmá máa wà.

"Ibí ni."

Fẹ̀sọ̀ họ orí. Ó fi igi gún ilẹ̀ náà wò, ó le. Ó ní kò burú, tí wọ́n bá ti mọlé tán wọ́n á dí kòtò náà padà. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbẹ́ kòtò. Wọ́n da omi sí i, wọ́n jẹ́ kó mu ún, wọ́n gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, àwọn ọmọ Mo-ti-sọ bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Inú wọn dùn kọjá ààlà: láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé ni ìyá wọn ti ń nà wọ́n nítorí ẹrẹ̀, ó wá di pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ní kí wọ́n wọnú ẹrẹ̀ lọ. Bí amọ̀ bá ti ń fà, tí kò já mọ́, Fẹ̀sọ̀ á ṣù ú róbótó, wọ́n á máa ju ìṣù náà sí i lórí ògiri, òun á máa gbá a mọ́ ara wọn. Ìpele kan kì í ga ju orúnkún lọ. Bó bá ti tó bẹ́ẹ̀, Fẹ̀sọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á fi ewé bo orí rẹ̀, á ní ògiri ń sinmi.

"Ògiri ń sinmi," ni Mo-ti-sọ á máa tún un sọ pẹ̀lú ìbínú. "Èmi tí mo ń fọṣọ láti àárọ̀, ta ló ní kí n sinmi?"

Ṣùgbọ́n Fẹ̀sọ̀ kò ní gbé ìpele mìíràn lé e, àfi tó bá fi èékánná ha ti ìsàlẹ̀ tí kò wọlé. Lórí ìyẹn, ẹnu Mo-ti-sọ ò ràn án.

Omi ló wá jẹ́ ìṣòro. Kànga jìnnà, amọ̀ sì ń mu omi bí ọ̀mùtí. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n alágbàfọ̀ ti wọ̀ ọ́. Gbogbo omi tó bá fi fọṣọ tán, ìta ló ń dà á sí. Ṣé kò sì ṣeé lò? Ó gba ọkọ́, ó la ojú ìṣàn kékeré kan láti ìdí ọpọ́n rẹ̀, ó gba abẹ́ ọgbà kọjá, tààrà sínú kòtò amọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti da ọpọ́n nù, omi á gbọ̀nà ara rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó tún pọnmi amọ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ kí i, "O káre, Ìyá wọn." Fẹ̀sọ̀ náà yìn ín, ó ní omi ọṣẹ ń jẹ́ kí amọ̀ rọ̀ lọ́wọ́. Kò sí ọjọ́ kan tí kòtò náà gbẹ.

Ìpele kejì ti ń gbẹ lọ́wọ́ nígbà tí Onípákó wá. Ó dúró lókèèrè kí ẹrẹ̀ má bàa kan bàtà rẹ̀. Ó ní bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí odò sì kún, òun máa kó ṣọ́ọ̀bù òun lọ sí ẹ̀bá odò lókè, níbi tí ìtì igi ti ń léfòó bọ̀. Kò sí ààyè Màmá níbẹ̀. Àbúrò Màmá kan wà ní ìlú òkèèrè tó ti gbà láti tọ́jú rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni wọ́n máa gbé e lọ.

"Ọ̀nà yẹn, Bọ̀dá?" ni Mo-ti-sọ wí. "Màmá tí ò lè rìn dé ọjà? Tí wọ́n bá gbé wọn lọ síbẹ̀, ta ló tún máa fojú kàn wọ́n?"

"Ṣé kí n wá fi wọ́n sílẹ̀ sínú òjò ni?"

"Kí òjò tó dé, wọ́n á ti wà níbí."

Onípákó wo ògiri tó dé ìbàdí, ó wo àwọn ọmọ tí amọ̀ ti kùn láti orí dé ẹsẹ̀. "Níbí? Nínú ẹrẹ̀?"

"Níbí ni. Mo ti sọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. "Ó dáa. Tí òjò bá rọ̀ tí kò sí yàrá, wọ́n á bá mi lọ. Èmi náà ti sọ tèmi."

Mo-ti-sọ kò tún rí oorun sùn dáadáa mọ́. Á fọṣọ títí ọ̀sán á fi pọ́n, á bọ́ sínú amọ̀, á tún padà sídìí áyọ́ọ̀nù. Àwọn aládùúgbò á gbé ọwọ́ lé ọgbà, wọ́n á máa wò ó. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá alámọ̀," ni wọ́n á wí, wọ́n á sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó ń bá amọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìpele ń gun ìpele, ògiri kọjá orí, wọ́n fi ihò fèrèsé sílẹ̀, ó wá ku òrùlé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ rẹ̀ rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ògiri yàrá Màmá. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, ó dà bíi pé aláǹgbá ti háyà yàrá ṣáájú Màmá. Fẹ̀sọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ìdí ògiri náà, ní ẹ̀gbẹ́ kòtò. Ìka rẹ̀ wọlé bí ẹni fi ọwọ́ ki ọṣẹ tó ti sùn sínú omi.

"Ẹ kúrò níbẹ̀," ni Fẹ̀sọ̀ wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ tó ń yára sọ̀rọ̀. "Gbogbo yín, ẹ kúrò níbẹ̀!"

Ògiri náà kò ṣubú bí igi ṣe ń ṣubú. Ṣe ló rọra jókòó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ́ lọ sínú kòtò, òkè rẹ̀ tẹ̀ lé e, eruku sọ, nígbà tó sì máa rọlẹ̀, ìdajì yàrá Màmá ti padà sínú ihò tí wọ́n ti wà á jáde.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Mo-ti-sọ dúró, ó ń wo ojú ìṣàn kékeré tí òun fúnra rẹ̀ là. Omi ọṣẹ òwúrọ̀ ọjọ́ náà ṣì ń ṣàn bọ̀ níbẹ̀, ó ń tàn nínú oòrùn. Ojoojúmọ́ ló ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi sí ìdí ilé ìyá rẹ̀, ó sì ń rò pé òun ń ṣọgbọ́n. Ojú tì í. Fẹ̀sọ̀ náà jókòó sórí agbọ̀n, ó ní òun ló yẹ kí òun ronú kàn án, òun tí òun yin omi ọṣẹ.

Ìròyìn burúkú ò sùn lọ́nà. Kí oòrùn tó wọ̀, Onípákó ti dé. Ó wo òkìtì amọ̀, ó wo àbúrò rẹ̀. Kò fi ṣe ẹ̀sín, ohùn rẹ̀ tiẹ̀ rọ̀.

"O gbìyànjú," ló wí. "Jẹ́ kí Màmá máa bá mi lọ."

"Bọ̀dá, ṣé òjò ti rọ̀ ni?"

"Kò tíì rọ̀."

"Ó dáa. Ẹ kú àbọ̀, ẹ sì máa lọ sílé."

Mo-ti-sọ gbé ọkọ́, ó dí ojú ìṣàn omi náà pa.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti wà nínú òkìtì kí Fẹ̀sọ̀ tó dé. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ gún amọ̀ tó wó, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpele kìn-ín-ní. Fẹ̀sọ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Amọ̀ yìí ò ṣòfò, ọmọ mi. Ilé tó wó, amọ̀ rẹ̀ ṣì wà. Àkókò ni ò sí. Ògiri tó nípọn ń fẹ́ oòrùn, oòrùn sì ti ń di ẹrù rẹ̀. Wo ojú ọ̀run."

"Kí la máa wá ṣe? Ẹ má sọ fún mi pé ká jókòó o."

"Ògiri híhun ni. Òpó la máa rì mọ́lẹ̀, ká fi igi wẹ́wẹ́ dábùú rẹ̀, ká dì í, ká fi amọ̀ rẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyẹn á tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n òpó tútù á ṣẹ́po, á la amọ̀. Òpó tó ti gbẹ, tó le, tó tọ́, ló yẹ wá. Ibo la ti fẹ́ rí i?"

Ẹ̀gbọ́n Mo-ti-sọ ní igi, ṣùgbọ́n kò ní bẹ̀ ẹ́. Ó gbójú sókè. Lódìkejì ọgbà, àwọn òpó ìsáṣọ rẹ̀ wà ní ìdúró, aṣọ àwọn oníbàárà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn. Òpó líle ni wọ́n. Wọ́n gbẹ, wọ́n sì tọ́. Fẹ̀sọ̀ tẹ̀ lé ojú rẹ̀, ó rí ibi tó ń wò.

Mo-ti-sọ gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ó ká aṣọ kúrò lórí okùn, ó tú okùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú òpó.

Ọkọ rẹ̀ sáré jáde. "Ìyá wọn! Ibo lo máa wá sá aṣọ sí?"

"Orí ọgbà. Orí koríko. Orí yín, tí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́."

Aránbàtà wò ó, ó wo òpó, ó káṣọ sókè, ó sì bá a dì í mú. Àwọn méjèèjì ló jọ wú gbogbo rẹ̀. Ó dun Mo-ti-sọ o. Òpó kọ̀ọ̀kan tó jáde nínú ilẹ̀, bí ẹni yọ eyín ló ṣe ń ṣe é. Àwọn oníbàárà kan gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nígbà tí wọ́n rí koríko lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Kò lọ bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n ki ìdí àwọn òpó náà bọ iná abẹ́ ìkòkò tó fi ń se aṣọ, wọ́n jó o dúdú kí ìkán má bàa jẹ ẹ́. Wọ́n fi amọ̀ ògiri tó wó dí kòtò, wọ́n gún un títí ilẹ̀ fi le. Wọ́n wá sún ògiri tuntun wọnú, kó jìnnà sí ojú kòtò náà. Yàrá Màmá kéré sí i nípa bẹ́ẹ̀, ibùsùn àti àga kan péré ló máa gbà. Okùn ìsáṣọ ni wọ́n fi di igi wẹ́wẹ́ mọ́ òpó. Nígbà tó kan rírẹ́, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó máa ń gbé ọwọ́ lé ọgbà rẹ́rìn-ín gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní ojú ń ti òun láti máa wo obìnrin kan ṣoṣo tó ń rẹ́ odidi ilé. Òun rẹ́ inú, Mo-ti-sọ rẹ́ ìta, wọ́n ń gbá àtẹ́lẹwọ́ mọ́ amọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Koríko ni wọ́n fi bo yàrá Mo-ti-sọ. Ṣùgbọ́n yàrá Màmá ló sún mọ́ ìkòkò tó fi ń se aṣọ jù, iná sì ń ta níbẹ̀ lójoojúmọ́. A kì í gbé iná sórí òrùlé sùn. Garawa kẹ́rosíìnì ni ọgbọ́n kàn. Wọ́n kó gbogbo garawa àtijọ́ tí ó ń jò ládùúgbò jọ. Aránbàtà fi ọ̀bẹ awọ rẹ̀ là wọ́n, ó fi òòlù bàtà lù wọ́n pẹrẹsẹ, ariwo náà sì pọ̀ débi pé onílé ní kí wọ́n tètè lọ gbé inú ilé wọn. Wọ́n to wọ́n lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Ìṣó ò sí lọ́jà, ìṣó bàtà ni wọ́n lò, aránbàtà sì gé awọ pélébé pélébé sábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan kí omi má bàa rí ihò gbà. Orí òrùlé yẹn ló wà tó yọ ìṣó ìkẹyìn kúrò lẹ́nu, tó sì sọ ohun tí kò tíì sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ìyá wọn, ilé yìí máa dúró."

Ọ̀run ti ń ṣú nígbà tí Onípákó padà wá. Ó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, kò ro ti bàtà. Ibì kan wà lókè ògiri tí wọn ò tíì rẹ́, tí orí òpó yọ níbẹ̀. Ẹni tó ń ta igi mọ igi. Ó fọwọ́ kàn án, ó yíjú sí àgbàlá òdìkejì, kò rí òpó kankan níbẹ̀ mọ́, aṣọ funfun ló rí tó bo gbogbo ọgbà.

"Kí lo wá fi ń ṣiṣẹ́?" ló bi í.

"Ọwọ́ mi, Bọ̀dá."

Onípákó tún fọwọ́ kan òpó náà. Ó jáde lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ru ilẹ̀kùn wá lórí, ilẹ̀kùn pákó tó nípọn, tó ti fá dán, kò jẹ́ kí alábàárù kankan bá a gbé e. Ó kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i. Nígbà tó ń lọ, ó rọra wí fún àbúrò rẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀:

"Mo fi ìdábùú sí i. Inú ni mo fi sí. Màmá nìkan ló lè tì í."

Wọ́n gbé Màmá wá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ògiri láti igun dé igun, ó kan ibùsùn, ó kan àga, ó kan fèrèsé, ó sì dé ìdí ilẹ̀kùn. Ó ní kí gbogbo wọn jáde ná. Wọ́n jáde. Wọ́n gbọ́ tí ìdábùú bọ́ sáyè rẹ̀.

Kò pẹ́ tí òjò fi dé. Ọ̀sán ni, kì í ṣe òjò ṣẹ́ẹ́rẹ́, òjò tó ń já ewé lórí igi ni. Mo-ti-sọ wà ní àgbàlá, aṣọ gbogbo ayé wà lórí ọgbà. Ó na ọwọ́ sí aṣọ, ó wá rántí ògiri. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà sílẹ̀ fún òjò, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ara ògiri yàrá ìyá rẹ̀. Ó tẹ ìsàlẹ̀, ó tẹ àárín. Awọ òde nìkan ló tutù, inú rẹ̀ le. Síbẹ̀, ó fẹ́ wo inú ilé, bóyá ó ń jò. Ó dé ìdí ilẹ̀kùn, ó kàn án.

"Ta nìyẹn?" ni Màmá wí.

"Èmi ni, Màmá! Òjò ń rọ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn kí n wo òrùlé!"

Ohùn tó wá jáde, ó ti pẹ́ tí Mo-ti-sọ ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ohùn onílé ni.

"Dúró síbẹ̀ ná. Mo ń pààrọ̀ aṣọ."

Omi ń tú láti orí garawa, orí Mo-ti-sọ gan-an ló ń dà sí. Ó dúró. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò sì tún kan ilẹ̀kùn náà mọ́ títí ìyá rẹ̀ fi ṣe tán.